Wọ́n Pe Ẹ̀rín Ajá Mi Ní Ìbínú

Òórùn ìsáàlì, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ níbikíbi, ì báà jẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, n ó tún rí abo ajá pupa kan tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù ní Àgọ́-Ìwòyè, tó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó fẹ́ pa á.

Òrù ni mò ń gbé nígbà náà, mo sì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Olùkọ́ ni bàbá mi náà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó fi ìwé tọ́ wa dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ajá ni èmi yà sí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ka gbogbo ohun tí mo rí kà nípa ajá, mo sì máa ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kí n lè wo bí àwọn ajá àdúgbò ṣe ń kí ara wọn. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ bí etí ajá ṣe ń fi èrò inú rẹ̀ hàn ni mo sọ, títí tí alága fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Mo gbà pé bí ènìyàn bá ti mọ nǹkan, tó sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, aráyé á gbọ́.

Àbúrò ìyá mi obìnrin, tó ń yan ẹja tà ní Abígí, ló fún mi ní ajá náà. Ẹ̀yìnlàárò ló sọ ọ́. Òun àti aládùúgbò rẹ̀ kan ń jà lórí ààlà ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bí ajá náà, ó sì ṣe bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe: ó fi orúkọ ajá bá ènìyàn wí. Bó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tó pe ajá rẹ̀ wá jẹun, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rín ajá yìí dáadáa, nítorí òun gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ajá tó bá ń bínú á le gbagidi. Ìrù rẹ̀ á nà ró, ojú rẹ̀ á dúró sójú kan, ètè rẹ̀ á sún síwájú, imú rẹ̀ á hunjọ, ohùn á sì máa kùn bọ̀ láti inú ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀yìnlàárò kì í ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Bó bá rí ẹni tó fẹ́ kí, etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ orí, ojú rẹ̀ á kéré bí ojú ẹni tí oòrùn ń ràn sí, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀, gbogbo ìdí rẹ̀ á máa mì pẹ̀lú ìrù. Lẹ́yìn náà ni ètè òkè á ká, tí gbogbo eyín iwájú á yọ, funfun báláú. Á wá sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni pé ẹ̀rín náà rìn ín nímú. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Ní agbolé anti mi ẹlẹ́ja yìí, òfin kan sì wà tí gbogbo oníbàárà mọ̀: ẹni tí ajá bá rẹ́rìn-ín sí gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. "Ẹ dá a lóhùn!" ni anti mi máa ń kígbe láti ibi iná. Oníbàárà á ká ètè tirẹ̀ náà, á yọ eyín sí ajá, ajá á sì sùn gbalaja sílẹ̀ fún un. Ẹ̀fẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè é.

Kò pẹ́ tí mo mú un dé Òrù ni ìròyìn kàn pé ajá dìgbòlugi kan ń rìn kiri ní Ìlápòrú. Bàbá onílé mi ní ajá tí kò bá gba abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ sùn ní agbolé òun. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì sọ fún un pé ó tọ́. Mo gbé Ẹ̀yìnlàárò sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, a forí lé ilé ìwòsàn ẹranko kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ ti to àwọn ìbéèrè tí n ó bi dókítà sórí, nítorí mo rò pé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gbọ́ èdè mi ni mò ń lọ.

Ọkùnrin kan tó fa ewúrẹ́ lọ́wọ́ ló ṣáájú wa. Obìnrin tó ń gbàlejò jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ẹ̀yìnlàárò wò ó, etí lẹ̀, ìdí ń mì, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

"Yéè! Jésù!" Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, obìnrin náà ti wà lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ mú un kúrò níwájú mi! Ó ti yọ eyín!"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rín ló ń rín."

"Ẹ̀rín kí ni? Ṣé mo pa á lẹ́rìn-ín ni?"

Ariwo náà ló mú dókítà jáde. Ọ̀dọ́kùnrin ni, aṣọ funfun rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí, kò sún mọ́ wa. Ó wo eyín ajá, kò wo ibòmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi: ẹ wo etí rẹ̀, sà, ẹ wo bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tẹ̀, ẹ wo ìrù. Kò jẹ́ kí n dé orí ètè.

"Ọ̀gá, níbo lẹ ti kọ́ ìmọ̀ ẹranko?"

"N kò kọ́ ọ níbì kankan, sà. Mo kàn ń—"

"Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ́ ọ ṣiṣẹ́ rẹ̀."

Ó wọlé, ó mú igi gígùn kan jáde tí wọ́n so okùn mọ́ lórí bíi tàkúté, ó sì fi kọ́ ajá mi lọ́rùn. Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà kò tíì kúrò lójú mi. Ajá tó ń rín irú ẹ̀rín yìí ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ohun tó ń sọ ni pé, má nà mí, n kò ní ibi nínú. Kò ní èdè mìíràn. Nítorí náà, bí ẹ̀rù ṣe ń bà á sí i ló ń rẹ́rìn-ín sí i, bó sì ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i ni dókítà ń fún okùn náà sí i. Ahọ́n rẹ̀ yọ síta, ó dúdú. Ó tọ̀ sára. Nígbà tí kò rí èémí mí mọ́, ó yí orí, ó sì gé igi náà jẹ.

"Ẹ ò rí i?" ni dókítà wí, ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. "Ajá burúkú ni. N kò lè fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan, kó má bàa bu àwọn òṣìṣẹ́ mi jẹ. Èyí tí mo lè fún un ni èyí tó máa fi sùn lọ, tí kò ní jí mọ́. Àánú yín ni mo ń ṣe. Bó bá bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa ṣe ẹjọ́."

"Ẹ tú u," ni mo wí.

"Mo ní ẹ—"

"Ẹ tú ajá mi!"

Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ní ẹni tí kò lè mọ ẹ̀rín yàtọ̀ sí ìbínú, kó lọ máa tún rédíò ṣe. Mo sọ àwọn nǹkan mìíràn tí bàbá mi kò kọ́ mi. Ọkùnrin ewúrẹ́ dì mí lápá mú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra o. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń yọ eyín báyìí." Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rín. Dókítà tú okùn, ṣùgbọ́n kó tó jẹ́ kí a lọ, ó so aṣọ pupa kan mọ́ ajá lọ́rùn. Òfin ilé ìwòsàn wọn ni, ó ní, fún ajá tó bá ń buni jẹ, kí aráyé lè mọ̀ ọ́n lókèèrè. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tí a tìtorí rẹ̀ wá, wọn kò fún un.

Mo já aṣọ náà dànù kí a tó dé Òrù. Ìgbà tí a dé ẹnu géètì, bàbá onílé dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá.

"Aṣọ pupa ọrùn rẹ̀ dà?"

Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi délé. Ìjọ Aládùúrà kan náà ni obìnrin ilé ìwòsàn náà àti ìyàwó onílé ń lọ, fóònù sì yára ju ọ̀kadà lọ. Ìyàwó onílé ti wọ sùtánà, ó ti gbàdúrà yí ilé po. "Tíṣà, ọ̀rọ̀ ti hàn sí wa," ni ó wí. "Eyín kan fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní agbolé yìí."

"Ìgbà wo ló hàn sí yín, mà? Ṣáájú ìpè ni, àbí lẹ́yìn ìpè?"

"Ṣé èmi lẹ ń bá ṣe yẹ̀yẹ́?"

Bàbá onílé ní kí ajá kúrò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jà, mo ṣàlàyé etí àti ìrù títí ẹnu fi ń ro mí. Mo ní bí ajá bá lọ, èmi náà ń lọ. Ó ní ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà ní ẹyin lohùn.

Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó mú inú gbogbo ilé dùn, tó sì ba tèmi jẹ́. Ẹ̀yìnlàárò kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò rín sí mi, kò rín sí ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá kọjá, á pa ẹnu dé, á sì wà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bàbá onílé wò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ó mi orí. "Ó mà ti gbọ́n! Dókítà yẹn mọṣẹ́ o. Tíṣà, mo ti yí ọkàn padà, kó máa wà níbí." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fọwọ́ pa á lórí, ó ń pè é ní ajá dáadáa.

Mo rí ohun tí òun kò rí. Ara ajá náà le. Ìrù rẹ̀ kò mì. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọwọ́ tó ń bọ̀, funfun ojú rẹ̀ hàn, ẹnu rẹ̀ sì dé pinpin. Inú ẹ̀jẹ̀ la ti ń tutọ́ funfun. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá yọ eyín ni wọ́n ń fún lọ́rùn, nítorí náà kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ kó tó bu ú jẹ. Mo fò mọ́ ọn, mo gbé e kúrò lábẹ́ ọwọ́ bàbá náà. Nígbà tí wọ́n ń lé e, mo jà kó dúró. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á ni mo di ẹrù rẹ̀.

Mọ́tò ẹlẹ́ja ni a wọ̀ lọ sí Abígí. Mo kí anti mi. Ajá ló ń wò. Ó yọ eyín sí i, ajá náà gbójú kúrò.

"Ta ló pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́?"

Mo ròyìn fún un. Ó ṣépè fún ilé ìwòsàn náà, ògiri àti òrùlé, kò yọ àga sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sún igi iná pọ̀, tó ń bá iṣẹ́ lọ. Láàárọ̀ lálẹ́, á yọ eyín sí ajá, kò retí èsì. Mo padà sí Òrù, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi ni mò ń lọ wò wọ́n.

Nínú ọ̀kan lára irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ń gba ojúlé dé ojúlé, tó ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Èmi ti di okùn mú, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé nígbà tí anti mi kígbe láti ibi iná.

"Ẹ yọ eyín sí i ná!"

"Mà?"

"Ẹ kí i! Ṣé ẹ kì í kí onílé ni, kí ẹ tó gún un lábẹ́rẹ́?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní èjí, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀. Ó fìdí lé abọ́ ẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ajá, ó sì ká ètè sókè bí ẹni tí ń ṣeré fún ọmọdé. Ẹ̀yìnlàárò wò ó. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Etí rẹ̀ rọra lẹ̀ mọ́ orí, ìdí rẹ̀ mì díẹ̀, ètè rẹ̀ gbọ̀n, ó ká, gbogbo eyín funfun yẹn sì yọ. Ó sín. Abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ti jáde.

"Ó ti tán?" ni anti mi bèèrè.

"Ó ti tán, mà."

Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ sétí omi; wọ́n rò pé ayọ̀ ló gbé mi lọ. Ìbínú ni. Gbogbo ohun tó gbà nìyẹn: kí ènìyàn jókòó, kó sì rẹ́rìn-ín. Ohun tó kéré tó báyìí ni wọn kò lè ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n fi fẹ́ gba ẹ̀mí.

Ẹ̀yìnlàárò ti darúgbó, ó ti kú lẹ́bàá iná ẹja. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà báyìí, nínú ilé ara mi, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ mi. N kì í ṣàlàyé etí fún àlejò mọ́. "Ẹ dá a lóhùn" ni mo máa ń wí, ó tó. Bí iṣẹ́ bá gbé wa gba Àgọ́-Ìwòyè kọjá, a máa ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn náà. Wọ́n ti kun ògiri rẹ̀. Bí ọ̀kadà bá rọra níbẹ̀, ajá mi á lẹ etí mọ́ orí, á sì yọ eyín rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọwọ́ mi máa ń fẹ́ lọ bò ó lẹ́nu. N kì í jẹ́ kí ọwọ́ náà lọ.