Wọ́n yọ Bùkọ́lá kúrò láàárín wa

Aláboyún méje la wà nínú gúrúùpù Wásáàpù wa n'Ísọlọ̀. Bùkọ́lá ló máa ń fi àdúrà jí wa láràárọ̀. Níjẹta, ó bímọ, ọmọ náà ò yè. Láàárọ̀ yìí, àǹtí tó dá gúrúùpù sílẹ̀ yọ ọ́ kúrò.

Mo pè wọ́n. "Àǹtí, kí ló ṣe?"

"Àwa tó kù ṣì gbé oyún o. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà wá."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá Bùkọ́lá l'Ókè-Àfà. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, kò tíì ṣí gúrúùpù náà wò.

"Ọ̀rẹ́ mi, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o. Láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni nínú yín ò kí mi."

Mi ò lè sọ òótọ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa ní gbogbo Ìsọlọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ká ní ẹ̀yin ni, kí lẹ máa sọ fún un?