Ẹlòmíì Ti Fi Orúkọ Mi Wọlé Kí N Tó Dé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, bóyá àyà mi á yéé já.

Mo ti ń retí ọjọ́ interview tí màá fi di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjòjì ní inú email kan tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n máa fi ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí. Kì í ṣe email lásán o! Àfi tí wọ́n bá rí ojú ẹ àti páásípọ́ọ̀tù ẹ kí wọ́n tó ṣí i fún ẹ.

Mo ti ibi iṣẹ́ dé láti Decatur, nítòsí Atlanta níbí, mo ní kí n yára ṣe é lórí fóònù kí n tó bọ́lẹ̀ nínú mọ́tò. Mo ya fọ́tò ojú mi. Ni fóònù bá kọ ọ́ jáde pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí ti wọlé tẹ́lẹ̀.

Ẹni wo? Èmi tí mo jókòó síbí ńkọ́?

Mo pe Aunty Dúpẹ́, tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Stone Mountain. Mo rò pé wọ́n á ní kí n fọkàn balẹ̀. Rárá o!

"Gbé páásípọ́ọ̀tù ẹ, mò ń bọ̀ wá gbé ẹ. Ká tètè bá wọn kí wọ́n tó tilẹ̀kùn."

Lọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó email náà, obìnrin tó dá wa lóhùn wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó bi mí lórúkọ ìyá mi, ó bi mí níbi tí mo gbé rí. Tí mo bá ṣì í sọ ńkọ́? Tí wọ́n bá ní èmi gan-an lolè ńkọ́?

Mo na ọrùn wo kọ̀ǹpútà náà. Fọ́tò obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló wà lábẹ́ orúkọ mi!

Aunty di ọwọ́ mi mú: "Jésù! Ta nìyí?"

Wọ́n ní kí n tẹ̀ka. A dúró, a dúró. Nígbà tó yá, obìnrin náà ní ìka mi bá èyí tó wà lọ́wọ́ ìjọba mu, ó sì ti ti ọ̀nà tí obìnrin inú fọ́tò yẹn fi ń wọlé pa, ó wá ṣí email náà fún mi. Ọjọ́ interview mi ti wà nínú email yẹn tipẹ́, Ọlọ́run ló ní kò tíì kọjá!

Àmọ́ wọn ò mọ obìnrin inú fọ́tò náà. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Òun mọ̀ mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá nílò irú email ìjọba yìí. Ẹ lọ wò ó bóyá ẹlòmíì ti wà níbẹ̀ lórúkọ yín. Ṣé irú ẹ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kankan nínú yín rí? Kí lẹ ṣe? Ẹ sọ fún mi, torí ẹ̀rù ṣì ń bà mí.