Ọ̀fọ̀ Tí Mo Gbé Pamọ́ fún Kóòṣì

Èmi ni mò ń fọ aṣọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, bọ́ọ̀sì kan péré sí ilé mi ní Peckham. Ọdún kọkànlá rèé. Jẹ́sì, ṣòkòtò péńpé, sọ́kì tó ń rùn, gbogbo ẹ̀ ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni, kó wá gbóòórùn sọ́kì ogún ọkùnrin lọ́jọ́ òjò. Mo ti rí kóòṣì márùn-ún tí wọ́n wá tí wọ́n sì tún lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, nítorí pé mo ṣẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ará Sípéènì ni. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀, àárín pápá ni ipò ẹ̀. Ó gbá a dé ẹgbẹ́ ńlá kan nílùú wọn kí orúnkún ẹ̀ kan tó bàjẹ́. Wọ́n tà á sí Ìlú Ọba, wọ́n tún tà á, títí tí kò fi sẹ́ni tó fẹ́ rà á mọ́. Ó bá di kóòṣì. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ti lé e kó tó já sọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ wa máa ń wo fídíò ẹ̀ àtijọ́ lórí fóònù, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, kì í di bọ́ọ̀lù mú!" Òótọ́ ni. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dé ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń lọ. Ohun tó sì fi ń kọ́ wọn náà nìyẹn. Láti yàrá ìfọṣọ ni mo ti máa ń gbọ́ igbe ẹ̀: "Gbé e lọ! Kì í ṣe tìẹ! Ẹni tó ń dúró dè é ló ni ín!"

Yàrá mi yẹn ló móoru jù ní gbogbo ọgbà, nítorí àwọn ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìdíje, ì báà jẹ́ wọ́n borí, ì báà jẹ́ wọ́n lù wọ́n bí bàrà, ibẹ̀ ni kóòṣì ti ń pe màmá ẹ̀. Aṣọ òtẹ́ẹ̀lì ni màmá yẹn fọ̀ láti fi tọ́ òun àti àbúrò ẹ̀ obìnrin, nítorí bàbá wọn ti bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀ tipẹ́. Ọjọ́ tó sọ ìyẹn fún mi ni mo ti gbà á lọ́mọ. Ọ̀gá mi ni o, àmọ́ Mọ́mì ló ń pè mí, bí àwọn ọmọ Yorùbá inú ẹgbẹ́ ṣe ń pè mí. Á kọjú fóònù sí mi kí èmi àti màmá lè kíra. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ èdè wọn. Màá gbé jẹ́sì tútù kan sókè, àwọn náà á gbé ọwọ́ wọn tó ti wú ní oríkèé sókè, a ó bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn màmá yẹn gan-an.

Kóòṣì kórìíra fóònù nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra. Lọ́jọ́ ìdíje, á gbé apẹ̀rẹ̀ kan kiri, á kọ́kọ́ ju tiẹ̀ sí i, kálukú á ju tirẹ̀, á wá gbé e fún mi kí n máa ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ Sátidé tí sáà máa parí, bí wọ́n bá pàdánù, ẹgbẹ́ wa máa já sí ìpele ìsàlẹ̀, wọ́n á sì lé òun náà. Màmá sì ti wà lọ́sibítù láti ọjọ́ mẹ́rin. Màmá fúnra wọn ló ní kó má tíì wá, kó parí ìdíje ẹ̀ ná. Nígbà tó gbé apẹ̀rẹ̀ dé, ó mú fóònù tiẹ̀ jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Mọ́mì, tí àbúrò mi bá pè, ẹ gbé e. Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ wá sọ fún mi, ibi yòówù kí n wà."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ní aago kan, fóònù dún. Gẹ̀ẹ́sì àbúrò ẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ó tó. Màmá ti kú láàárọ̀ yẹn. Ó ní kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun kó máa bọ̀ nílé lónìí. Òun ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Mo ní, "Fi sílẹ̀ fún wa. Àwa la máa sọ fún un."

Àwa! Ta ni àwa? Ta ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí èmi àti ẹ̀rọ ìfọṣọ?

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. A kì í túfọ̀ fún ọmọ olókùú lójijì. A máa ní ara màmá ò fi bẹ́ẹ̀ yá, kó máa bọ̀ wálé. Àwọn àgbà á péjọ, ẹnì kan á gbé omi dání, ẹnì kan á dúró sẹ́yìn ẹ̀ kó má baà ṣubú. Nígbà tí màmá tèmi kú n'Íjẹ̀bú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sọ fún mi pé ọ̀fun ló ń dùn wọ́n, wọn ò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mò ń ra bàtà tó rọ̀ fún wọn ní ọjà Deptford, wọ́n sì ti wà ní mọ́ṣúárì. Mo bínú títí. Àmọ́ nígbà tí mo délé, wọ́n ṣì ń dúró dè mí. Mo fọwọ́ kan iwájú orí wọn kí wọ́n tó sin wọ́n. Òkú tiwa máa ń dúró de ọmọ. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ti ibòmíràn kì í dúró.

Mo pe ìyá ìjọ méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé ká jọ lọ bá a lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè. Mo wá sáré lọ bá Alájì tó ń ṣọ́ géètì, ará Ìbàdàn, mo sọ fún un.

"Ẹ lọ sọ fún un báyìí-báyìí," ló wí. "Kí lẹ tún ń dúró dè?"

Mo ní, "Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ ti ń kánjú jù. Kí òkú tó tutù ẹ ti sin ín. Ṣé kí ọkùnrin yẹn wó lulẹ̀ lójú gbogbo èrò ni?"

Ó mi orí. "Ìyá ẹ̀ ni. Kì í ṣe ìyá yín."

Mo pòṣé, mo kọ̀yìn sí i. Mo pa ohùn fóònù náà, mo fi sápò.

Nígbà tí wọ́n lọ sinmi ní ìlàjì, kóòṣì yọjú sí mi. "Ó pè?"

"Ó pè. Ara màmá ò le. Ó ní kó o máa bọ̀ nílé."

Ó wò mí. "Ṣé ó burú ni?"

"Wọ́n ń béèrè ẹ."

Ẹ gbọ́ irọ́ o! Òkú ń béèrè ọmọ! Ọkàn ẹ̀ balẹ̀, mo rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá! Ìgbà wo ni wọn kì í béèrè mi?" Ó sì sáré padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n borí pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo. Ariwo gba gbogbo ọgbà, àwọn ọmọ gbé e sórí, ó ń jó, ẹsẹ̀ ẹ̀ tí kò dáa yẹn náà ń jó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́wọ́. Èmi àti Alájì nìkan la mọ̀ nínú ọgbà yẹn pé ọmọ òrukàn ló ń jó. Mo ní kí n jẹ́ kó jẹ ayọ̀ ẹ̀ tán. Mo pe ìyẹn ní ìfẹ́.

Aago mẹ́fà ti kọjá kó tó wá gba fóònù. Ó rí i pé àbúrò ẹ̀ ti pè títí. Ó pè é padà níwájú mi. Mi ò gbọ́ èdè náà, àmọ́ mo rí i tó di ẹ̀rọ ìfọṣọ mú, tó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn sọ́kì.

"Aago mélòó ló sọ fún yín?"

"Aago kan."

Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òfurufú tó kẹ́yìn sí agbègbè wọn lọ́jọ́ yẹn ti gbéra ní aago márùn-ún ààbọ̀, àti pé láàárọ̀ ọ̀la ni wọ́n máa sin màmá.

"Lọ́la kẹ̀?" Mo figbe ta. "Ta ló ń sin ìyá ẹ̀ lọ́la?"

"Àwa," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí a sọ di ilé Ọlọ́run, mi ò lè gbé ọwọ́ mi. Àbúrò ẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi lórí fóònù. Inú ògiri ni wọ́n ń sin òkú sí ní abúlé wọn, wọ́n á ti pósí bọnú ihò, bíríkìlà á sì dí i. Ọ̀sán ni kóòṣì débẹ̀. Sìmẹ́ńtì náà ò tíì gbẹ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, àbúrò ẹ̀ sì rọra mú ọwọ́ ẹ̀ kúrò kó má baà bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, ó wá kó ẹrù ẹ̀. Àwọn ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ kó dúró, ó kọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi àgbàlagbà, lórí sìmẹ́ńtì yàrá ìfọṣọ. Ó fà mí dìde. Kò bú mi. Ì bá bú mi!

"Mọ́mì, nígbà tí mò ń jó, ṣé ẹ̀ ń wò mí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó gbé báàgì ẹ̀ kọ́ èjìká. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ tó máa ń pariwo ẹ̀ lé àwọn ọmọ lórí.

"Kì í ṣe tiyín, Mọ́mì."