Ẹran Tí Mo Fi Iyọ̀ Bò Mọ́lẹ̀

Nígbà tí mo ń kàwé fún oyè máàsítà, láàárín àwọn ọdún 1990, mi ò lè jókòó sójú kan. Iṣẹ́ ìwádìí mi ni pé kí n mọ irú ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń tà l'Ékòó gan-an. Ẹran tí èéfín ti sọ di dúdú, tí kò lórí, tí kò láwọ mọ́, ta ló lè fojú lásán mọ̀ bóyá ẹtu ni tàbí ìgalà? Àmọ́ DNA, àmì ìran tó wà nínú ara gbogbo ohun abẹ̀mí, a ṣì lè rí i nínú ẹran gbígbẹ.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájà, ni mò ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Sípíríìtì ni mo kọ́kọ́ fi ń tọ́jú ègé ẹran. Lọ́jọ́ tí Àlájà gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà iyàrá mi.

"Ọtí rèé, nínú ilé tí a ti ń kírun?"

"Kì í ṣe mímu, mà."

"Bó ṣe mímu, bí kì í ṣe mímu, gbé e jáde."

Iná ò dúró débi tí mo fi lè gbẹ́kẹ̀ lé fìríìsà, ni mo bá ń fi iyọ̀ bo ẹran mọ́lẹ̀ nínú ìgò.

Ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́yìn ọjà ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n bi mí bóyá ìjọba ló rán mi. Nígbà tó yá, wọ́n á fún mi ní bẹ́ǹṣì jókòó, wọ́n á gé díẹ̀ lára itan ẹran fún mi, wọn ò sì ní gbowó.

"Ẹtu gidi nìyí," ni wọ́n máa ń wí. "Èmi kì í ta ohun tí mi ò mọ̀."

Ilé ìwé wa ò ní ẹ̀rọ tó lè ṣe àyẹ̀wò náà, nítorí náà ọ̀gá mi tó ń bójú tó ìwádìí náà fi àwọn ègé ẹran ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn kan lókè òkun. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Kò síṣẹ́, kò sí lẹ́tà. Ojoojúmọ́ ni mò ń rìn lọ sí ọ́fíìsì kan l'Ólówógbowó tí wọ́n ti ń gba fáàsì, ìwé tó ń gba ojú wáyà tẹlifóònù wọlé. Màá béèrè bóyá èsì ti dé, wọ́n á mi orí, màá rìn padà. Tí mo bá délé, mi ò ní jẹun tán kí n tó tún dìde.

Èsì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nínú ègé mẹ́ta tí ìyá ẹlẹ́ran fún mi, méjì jẹ́ ẹtu. Ẹ̀kẹta, èyí tó tóbi jù, ewúrẹ́ ni.

Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó parí. Ọkàn mi ò gbà. Mo lọ bá ìyá náà, mo sọ fún wọn. Wọ́n gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

"Ewúrẹ́? Ọdẹ tó ń gbé e wá fún mi láti Ẹ̀pẹ́ ló rẹ́ mi jẹ yẹn?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

"O ti kọ ọ́ síwèé?"

"Mo ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sórúkọ yín níbẹ̀."

"Ìwọ mọ̀ ọ́n ṣá."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń dáhùn ìkíni mi, ṣùgbọ́n wọn ò gé ẹran fún mi mọ́. Igbá ni wọ́n ń gbé sórí bẹ́ǹṣì tí mo ti máa ń jókòó. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni mo ti parí iṣẹ́ mi.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo gboyè. Mo yà lọ́dọ̀ ìyá Ìjẹ̀bú náà kí n lè sọ fún wọn. Òkùpórókó ni mo bá níwájú wọn. Wọ́n ní àwọn ti fi ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n ki orí òkùpórókó kan bọ inú báàgì mi. Mo fẹ́ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ mi ló fà á. Ṣùgbọ́n mo kàn dúpẹ́ ni, mo sì yára kúrò níbẹ̀.