Wọ́n yọ mí kúrò nínú gúrúùpù lítíréṣọ̀

Tíṣà tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ ló yọ mí kúrò nínú gúrúùpù Wáàsáàpù wọn lónìí.

Ilé ìwé gírámà tí mo ti jáde ní Àkúrẹ́ ló ni gúrúùpù náà. Tíṣà á fi ìtàn kúkúrú síbẹ̀, wọ́n á bi wá ní ìbéèrè, a ó sì máa jiyàn. Mo ti wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní ilé ìwé gíga ní Oǹdó báyìí, àmọ́ mi ò kúrò níbẹ̀. Nígbà míì, owó búrẹ́dì ni mo fi ń ra dátà, torí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń ka ohun tí mo bá kọ.

Lónìí, tíṣà béèrè ìdí tí ìyá inú ìtàn kan fi ń purọ́ pé òun ti jẹun. Kíá ni mo ti kọ ìdáhùn gígùn.

Ọmọ SS2 kan ní, "Àǹtí Bísọ́lá, ṣé wọn ò tíì fún yín ní sátífíkéètì ni? Ẹ jẹ́ káwa náà rí nǹkan sọ o!"

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ẹ̀rín ránṣẹ́.

Ni tíṣà bá kọ̀wé sí èmi nìkan: "Ìdáhùn rẹ dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tí o bá ti sọ̀rọ̀, àwọn àbúrò rẹ kì í rí nǹkan sọ mọ́. Wá àwọn tí ẹ ó jọ máa jiyàn ní Oǹdó."

Mo tẹ̀ ẹ́ pé, "Mi ò tíì mọ ẹnikẹ́ni níbí, sà." Mo pa á rẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Mo kọ, "Ẹ ṣé, sà." Wọ́n sì yọ mí.

Ẹ̀yin ará Oǹdó, ta ló lè bá mi jiyàn lórí ìtàn? Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé mi ò gbọ́n lẹ fẹ́ sọ, ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí.