Ìbọn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Kí N Yàn

Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Woolwich ni mo wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi fọ́tò ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Òyìnbó kan jókòó tì mí, ó ń yọjú wo ohun tí mò ń wò. Mo yára dojú fóònù délẹ̀ lórí itan mi. Èmi tí mò ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, tí wọ́n ti tú ìgbésí ayé mi wò títí kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́, ni mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì London tí mò ń wo ìbọn. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, mo fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ti ń gbé Arizona, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí n tó bí ọmọ kankan. Àwa méjì péré ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá wa. Kì í ṣe ẹni tó máa ń pe èèyàn tẹ́lẹ̀; tí ọdún tuntun bá ti kọjá, ó tún di ọdún mìíràn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé dókítà ní kí n máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, pé èmi àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń rìn létí odò láti Thamesmead dé Woolwich ní gbogbo Sátidé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lemọ́lemọ́. Ó ní kí n wá lo ìsinmi mi lọ́dọ̀ òun. Ó ní òun náà ń rìn, pé orí òkè àti inú aginjù lòun ti ń rìn, atẹ́gùn ibẹ̀ á sì wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi sàn. Ejò nìkan ni ìṣòro. Ejò ibẹ̀ máa ń mi ìrù, á máa dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ kó tó bu èèyàn jẹ, èyí tí kò bá sì dún ló burú jù. Nítorí náà ẹni tó bá máa bá òun rìn gbọ́dọ̀ ní ìbọn kékeré níbàdí.

"Yan èyí tó bá wù ẹ́," ló wí. "Mi ò ní bá ẹ yàn án."

Ibẹ̀ ni ara ti kọ́kọ́ fu mí. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo mọ̀, òun ló máa ń yan nǹkan fún gbogbo ayé. Òun ló yan ilé ìwé tí mo lọ, òun ló yan iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, díẹ̀ ló kù kó yan ọkọ fún mi. Báwo ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ní kí èmi tí mi ò di ìbọn mú rí fúnra mi yan ìbọn?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀. Ilé bàbá wa ní Abẹ́òkúta wà lórúkọ àwa méjèèjì. Ó ti ní ká tà á, mo ní rárá, a sì ti fa ọ̀rọ̀ náà débi pé a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, ẹnì kejì ló ni ín. Mo mọ̀ pé ìròkurò ni, ṣùgbọ́n ó ti jókòó sínú mi kí n tó mọ̀ pé ó wọlé: èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan nínú aginjù, pẹ̀lú ìbọn, láìsí ẹlẹ́rìí. Tó bá padà wálé tó ní ejò lòun ń yìnbọn sí, ta ni yóò já a nírọ́?

Ìpè rẹ̀ wá ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan mo ń bọ̀ láti Glyndon Estate, nílé màmá òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú. Mo dúró sí ibùdókọ̀ ni fóònù dún.

"Àbúrò, èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn fọ́tò yẹn, sọ bó ṣe rí fún mi."

"Bọ̀dá mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́?"

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o wò ó dáadáa ni. Ẹnu ẹ̀ gùn àbí ó kúrú?"

Mo ní ó kúrú. Ó ní ìdí rẹ̀ ńkọ́. Mo ní igi ni, ó pọ́n díẹ̀. Ó ní ṣé ikùn rẹ̀ rí róbótó, irú èyí tó ń yí. Mo ń dá a lóhùn wúyẹ́wúyẹ́, inú mi sì dùn pé Yorùbá ni mò ń sọ, àfìgbà tí mo rántí pé ní agbègbè wa yìí, ta ni kò gbọ́ Yorùbá? Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Èyí tí ikùn ẹ̀ ń yí ló dáa fún ejò," ló wí. "O lè ki ọta tó kún fún òjé wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà sí i, á sì fọ́n ká. Kò dìgbà tó o bá fojú sùn ún. Èyí pẹlẹbẹ yẹn, tó o bá ki irú ọta bẹ́ẹ̀ sí i, ó lè há."

Ó ń bi mí, mò ń dáhùn, bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù jù ni pé ọ̀kan wù mí nínú wọn, èyí kékeré tó ní ìdí igi yẹn. Mo tilẹ̀ ti ń rò ó pé ó máa wọ inú báàgì iṣẹ́ mi.

Ọmọ mi obìnrin ló ká mi mọ́ ọn nídìí tábìlì. London ni wọ́n bí i sí, kì í rántí pé àgbà ni mí tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Mummy, kí lo ń wò? Guns? Are you okay?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń tẹ nǹkan, ó sì gbójú sókè.

"Tourist ò kàn lè máa carry gun níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn o, Mummy. There are rules. Uncle ti wà níbẹ̀ since forever. He must know."

Mi ò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó sì fẹ́ kí ìbọn wà lára mi. Tí wọ́n bá bá òkú àlejò pẹ̀lú ìbọn tí kò yẹ kó gbé, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, òkú ló jẹ̀bi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi ìpàdé àdúrà wa ní Connaught Estate. Mi ò sọ púpọ̀. Mo kàn ní ìrìn àjò kan wà níwájú mi. Mummy tó ń darí wa di ojú, ó mi orí títí, ó ní, "Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó sún mọ́ yín. Mo ń rí ejò." Mi ò dárúkọ ejò! Àbí mo ti dárúkọ rẹ̀ fún un létí odò níbi tí a ti ń rìn ní Sátidé? Títí di òní, mi ò rántí. Àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ilé.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò kàn bi í. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọn ò tọ́ wa láti máa bi ẹ̀gbọ́n ní irú ìbéèrè yẹn. Mo tún mọ̀ pé tí mo bá kọ̀ láti wá láìní ìdí kan pàtó, kò ní pè mí mọ́ láéláé, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló kù fún mi láyé yìí tó mọ̀ mí ní kékeré. Tí mo bá lọ, mo lè má padà. Tí mi ò bá lọ, mo ti pàdánù rẹ̀. Láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí ni mo wà tí mi ò fi lè ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jẹ́ kí àwọn obìnrin yòókù máa lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí omi, níbi tí èèyàn ti lè rí ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh lọ́ọ̀ọ́kán tó bá yíjú sẹ́yìn. Àwọn tó ń fa ajá kiri ń kọjá. Fóònù dún.

"Ṣé o ti yàn? Àwọn tó ń tà á fẹ́ mọ̀. Fi fọ́tò èyí tó o fẹ́ ránṣẹ́ kí n rí i."

Èrò kan sọ sí mi lọ́kàn. Mi ò fi ìbọn ránṣẹ́. Fọ́tò Màmá wa ni mo fi ránṣẹ́, èyí tó dúró síwájú ilé ní Abẹ́òkúta, tó wé gèlè aláwọ̀ ewé, tí oòrùn mú un lójú. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló yà á. Mi ò sọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn. Mo fẹ́ kó rí ẹni tó bí àwa méjèèjì, kí ohun tó ń gbèrò lè kú sí i nínú.

"Ó ti wọlé," ló wí. "Mo gbọ́ bó ṣe dún."

"Ẹ wò ó dáadáa, Bọ̀dá mi."

Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo rò pé ó ti bà á lọ́kàn.

"Ó dáa," ló wí. "Èyí dáa, kò tóbi jù. Ìdí ẹ̀ ńkọ́? Ṣé igi ni àbí rọ́bà?"

Mo wo fóònù mi. Màmá wa ló wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ gba gbogbo fọ́tò.

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ò ríran ni?"

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn, mi ò tilẹ̀ fi ọ̀wọ̀ sí i.

"Àárín ló ti lọ," ló wí. "Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni mo ń rí. Tí mo bá wo èèyàn, mo ń rí èjìká ẹ̀, mi ò rí ojú ẹ̀."

Ó ní òun ni ìbọn náà wà fún. Ẹsẹ̀ òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ejò kan mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, òun sì fẹ́ èyí tí ọta rẹ̀ ń fọ́n ká. Àwọn tó ń tà á ló ń fi fọ́tò ránṣẹ́, òun ò sì lè ní kí wọ́n máa ṣàlàyé bí ìbọn ṣe rí fún afọ́jú. Tí àwọn ọmọ òun bá gbọ́, wọn á gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọn á tilẹ̀kùn mọ́ òun.

"Mo mọ̀ pé tí mo bá ní tìẹ ni, wàá wò ó dáadáa. Mo sì fẹ́ kó o wá. Kó o máa sọ bí òkè yẹn ṣe rí fún mi, bó o ṣe ń sọ ti ìbọn."

Inú bí mi. Mo pariwo mọ́ ọn, èmi àbúrò, lójú gbogbo ẹni tó ń fa ajá. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé, ẹni tí kò rí ojú èèyàn ló fẹ́ máa yìnbọn kiri! Mo ní kó sọ fún àwọn yẹn pé a ò rà mọ́. Mo ní mò ń bọ̀, pé ọ̀pá la máa mú dání, èmi ni màá wà níwájú. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí láyé.

Mo ti ń sunkún nígbà náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi bó ṣe tún pè mí.

"Àbúrò, kí lo wá fi ránṣẹ́ sí mi gan-an?"

"Fọ́tò Màmá ni."

"Èwo?"

"Èyí tẹ́ ẹ yà níwájú ilé."

"Kí ló dé tó o fi í ránṣẹ́ sí mi?"

Mo wo omi. Mo wá ohun tí mo lè sọ.

"Ọwọ́ mi ló ṣì í," mo wí.

Ó ní kò burú, pé ọwọ́ gbogbo èèyàn ló ń ṣì. Ó gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀.