Táǹkì Méjì Tí Wọ́n Bá Fàúsátù Fọ̀

Ẹ má pe ohun tí wọ́n ṣe yẹn ní ìmọ́tótó níwájú mi. Àwọn ẹbí Sàlámì ní Ìgàndò ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní, pé ṣe ni àwọn bá àbúrò àwọn tún ẹ̀yìnkùlé ṣe. Mo wà níbẹ̀. Mo rí ohun tó ṣàn kọjá nínú gọ́tà lọ́jọ́ náà, mo sì mọ ohun tó ná obìnrin kan kó tó dé inú táǹkì tí wọ́n ti dà á jáde.

Fàúsátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí Bàbá Sàlámì bí. Ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ láti ibi tí mo ti ń yọ búlọ́ọ̀kù títí dé etí irà. Nígbà tí mo háyà ààyè lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1979, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ilá ló kún ibẹ̀. Nígbà tó fi di 1990, wọ́n ti tà á tán ní pílọ́ọ̀tì pílọ́ọ̀tì, kò sí ibi tí èèyàn lè gbin ata sí mọ́. Èmi ni mo yọ ìdajì búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ àwọn ilé náà, nítorí náà n kò ní ṣe bí ẹni tí kò jẹ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin pín owó ilẹ̀. Wọ́n fún Fàúsátù ní yàrá kan àti ẹ̀yìnkùlé tó fẹ̀ tó ẹní mẹ́fà.

Iṣẹ́ ìgò fífọ̀ ló ń ṣe. Ọdún mọ́kànlá ló fi fọ ìgò ní ilé ìwádìí kan láàárín Èkó. Níbẹ̀, wọ́n ń sin ohun aláwọ̀ ewé kan nínú omi. Ẹyọ kan rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ìgbà tó bá pọ̀ ni omi náà á wá dà bí omi tí wọ́n fi fọ ewúro. Ọ̀gá ibẹ̀, Dókítà Kọ́lápọ̀, kì í ṣe agbéraga. Ó máa ń ṣàlàyé fún ẹni tó ń fọ ìgò. Ó sọ fún un pé bí wọ́n bá sẹ́ ẹ, tí wọ́n sá a, tí wọ́n lọ̀ ọ́, ohun tó ń mú ara ọmọ dàgbà nínú ṣíbí kan rẹ̀ ju ti ṣíbí ẹ̀wà kan lọ, èyí tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní kò fẹ́ oko, kò fẹ́ òjò, omi tó fẹ́ kò tó nǹkan. Oòrùn àti omi oníkán-ún ni. Ó ní ó ti pẹ́ tí àwọn ará etí adágún Ṣáàdì, níbi tí kán-ún ti ń wá, ti ń sá a, tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀.

Lọ́dún 1989, ìwé ìdádúró dé. Wọ́n ti ẹ̀ka náà pa. Wọ́n ní kí Fàúsátù da gbogbo ìgò tó wà níbẹ̀ nù kó tó máa lọ. Ó da mọ́kàndínlógún. Èyí tó ṣe ogún, ó rọ ọ́ sínú kúlà tó fi ń gbé ìrẹsì lọ síbi iṣẹ́, ó dé e, ó gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì títí dé Ìkòtún. Ẹ rántí kúlà yẹn o. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, inú ẹ̀ ló ti jáde.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìgbà náà, ó wá bá mi.

“Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ bá mi mọ táǹkì méjì. Kí gíga rẹ̀ má dé orúnkún.”

“Táǹkì tí kò jìn? Ẹja wo ló máa gbé inú ẹ̀?”

“Kì í ṣe ẹja. Ẹ̀fọ́ ni. Ẹ̀fọ́ omi.”

“Ẹ̀fọ́ nínú sìmẹ́ńtì! Fàúsá, ṣé kì í ṣe pé iṣẹ́ tó bọ́ yìí ti dà ọ́ lórí rú?”

“Ẹ ṣá sọ iye àpò sìmẹ́ńtì tó máa gbà, kí ẹ fi orí mi sílẹ̀ jàre.”

Àpò méje ló gbà. Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ láti fi rà á.

Mo rò pé ọjọ́ kejì ló máa da ohun inú kúlà sí táǹkì. Rárá o. Bí omi bá pọ̀ jù lórí ìwọ̀nba díẹ̀, oòrùn á jó o pa. Láti kúlà ó bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, láti bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú bàsíà, láti bàsíà sínú dúrọ́ọ̀mù, kó tó wá di táǹkì. Oṣù mẹ́rin gbáko. Kò ní kẹ́míkà ilé ìwádìí, ó lo kán-ún ọjà Ìkòtún, iyọ̀ díẹ̀, ajílẹ̀ díẹ̀, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó rẹ ìṣó tó dógùn-ún sí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ló ń fi igi rò ó kó má bàa sùn sísàlẹ̀. Bí ó bá ti ki, á fi aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ, á tẹ́ ohun tó kù lórí aṣọ náà sínú tírè, á fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó nínú oòrùn. Omi tó sẹ́, á dà á padà sí táǹkì. Kò sí ohun tó ń ṣòfò. Ilẹ̀ ẹní mẹ́fà ni mo ń sọ, lágbègbè tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ta gbogbo oko tó wà níbẹ̀.

Lucy, ayálégbé kan tó jẹ́ ará Oǹdó, ló kọ́kọ́ gbà á. Ọmọ rẹ̀ ti já lẹ́nu ọmú, irun orí ọmọ náà ti ń pọ́n. Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, kílò mẹ́fà àti ààbọ̀. Fàúsátù ń bu ìdajì ṣíbí sínú ògì rẹ̀ láràárọ̀. Lóṣù kẹta, kílò mẹ́jọ. N kò sọ pé oògùn ni. Lucy náà ń wá ẹyin àti ẹ̀wà kún un bí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o. Ohun tí òṣùwọ̀n kílíníìkì sọ ni mo ń sọ. Nígbà tó fi máa di ìparí 1992, ọmọ mọ́kànlá ló ń jẹ ògì aláwọ̀ ewé ládùúgbò wa.

Oṣù kìíní 1993 ni Bàbá Sàlámì kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dá fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Tàjùdíìnì, àkọ́bí, ló ń ṣètò. Kò sí omi ẹ̀rọ ní Ìgàndò, ó pe tẹ́ńkà omi méjì, ó wá ń wá ibi tó máa rọ omi náà sí. Fàúsátù ti lọ sọ́jà Ìkòtún láti ra ata àti àlùbọ́sà fún àlejò. Tàjùdíìnì wo ẹ̀yìnkùlé, ó rí táǹkì méjì.

Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi inú wọn dà sí gọ́tà. Gọ́tà wọn gba ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ mi kọjá, ó kún, ó sì ya sí orí yanrìn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀, títí wọ inú kòtò tí mo ń pọn omi sí fún rírin búlọ́ọ̀kù. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo pariwo lé lórí? Yanrìn mi! Ọkùnrin bíi tèmi, tó mọ iye àpò tó wọ inú táǹkì náà. Mo rí àwọ̀ ewé, mo mọ̀ ọ́n, ohun tó ti ẹnu mi jáde ni, “Ta ló máa san owó yanrìn tí ẹ ń bàjẹ́ yìí?” Mo gbé ṣọ́bìrì, mo fi yanrìn dí ẹnu gọ́tà pa níhà ọ̀dọ̀ mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá da ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò sí táǹkì, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́. Bàsíà kan wà tí Fàúsátù gbé pamọ́ sẹ́yìn kíṣíìnì, pé bí táǹkì bá bàjẹ́, òun á rí irúgbìn mú. Àwọn ìyàwó ilé ti da ìyẹn náà nù, wọ́n ń fi bàsíà ṣan abọ́.

Ó dé. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀.

“Bọ̀dá Tàjù, omi mi dà?”

“Omi wo? Omi mímọ́ gaara ló wà níbẹ̀ yẹn. A bá ẹ fọ̀ ọ́, o ò tiẹ̀ dúpẹ́.”

“Ibo lẹ dà á sí?”

“Ibo ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí? Àwọn àlùfáà ń bọ̀ láti Agége, kí wọ́n wá bá omi tó ti rà lẹ́yìnkùlé Sàlámì? Kí wọ́n ní à ń sin ẹ̀fọn?”

“Tanwíjí kan ṣoṣo, Bọ̀dá, ṣé ẹ rí i níbẹ̀?”

“Fàúsátù, lọ gé àlùbọ́sà.”

Ó lọ gé e. Apẹ̀rẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Lẹ́yìn fìdáù, ó wọkọ̀ lọ sí ilé ìwádìí. Wọ́n ti ṣí páànù orí ẹ̀ka náà lọ, Dókítà Kọ́lápọ̀ sì ti wà ní Saudi láti ọdún méjì. Kò sí ibòmíràn tó mọ̀. Ọmọ mọ́kànlá padà sí ògì funfun. Nígbà tí Lucy béèrè, Fàúsátù ní, “Ó ti tán,” ó wọlé.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lóṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, òòyì ń kọ́ Tàjùdíìnì. Ẹnì kan ní Dópẹ̀mú ta oògùn oníhóró aláwọ̀ ewé kan fún un, ọgọ́rùn-ún hóró nínú agolo, owó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Ó gbé e wá síbi iṣẹ́ mi, ó ń fi yangàn. “Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó ń fọ ẹ̀jẹ̀.” Fàúsátù wà níbẹ̀, ó gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ka ara rẹ̀, ó fi eyín gé hóró kan, ó tọ́ ọ wò.

“Bọ̀dá, ohun tí ẹ dà sí gọ́tà nìyí. Orúkọ tí Dókítà ń pè é ló wà lára agolo yìí.”

“Àbí o ti ń ya wèrè ni? Tìẹ yẹn ìdọ̀tí ni. Èyí ti ẹ̀rọ jáde.”

Ó gba agolo rẹ̀, ó lọ. Bí mo bá ṣírò rẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ṣàn lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo náà, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ì bá máa jẹ ẹ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo sọ̀kalẹ̀ sí kòtò omi mi. N kò lò ó láti oṣù kìíní, nítorí pé ọjà kò yá. Omi ibẹ̀ ti ki, ó láwọ̀ ewé. Mo bínú, mo ti ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, mo ń gbọ́n ọn síta. Ìgbà tí mo gbọ́n ọn lẹ́ẹ̀kẹrin ni òórùn rẹ̀ dé imú mi. Kì í ṣe òórùn gọ́tà. Òórùn tírè Fàúsátù ni. Eérú sìmẹ́ńtì ọdún mẹ́rìnlá ló wà nísàlẹ̀ kòtò yẹn, omi rẹ̀ a máa ta lára bí omi oníkán-ún, ọṣẹ wọn kò sì dé ibẹ̀ nítorí mo ti dí gọ́tà.

Mo sáré lọ pè é, bí mo ṣe dàgbà tó yìí. Ó wá pẹ̀lú abọ́ funfun àti aṣọ asẹ́. Ó bu díẹ̀, ó sẹ́ ẹ, ó fi àtàǹpàkò ra ohun tó kù lórí aṣọ. Ni ó bá kọjú sí mi:

“Ta ní ní kí ẹ ti ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́? Oṣù méjì ló fi wà níbí! Ojú yín kò rí i ni? Ẹ kúrò níbẹ̀, Bàbá, ẹ má tẹ̀ ẹ́!”

Mo kúrò. Ó ní ẹ̀tọ́ láti pariwo mọ́ mi.

Kò fún ọmọ kankan jẹ. Ó fi kán-ún líle àti aṣọ ṣa irúgbìn náà léraléra títí ó fi kúrò lára ìdọ̀tí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti inú kúlà. Ó fún òròmọdìyẹ jẹ, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́ fún oṣù kan, kó tó kan ọmọ ẹnikẹ́ni. Kò sì padà sí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Táǹkì kan wà lọ́dọ̀ mi, èmi ni mo fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Lucy tó ti kó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀kan ní Ìpájà, ọ̀kan ní Ayọ̀bọ̀. “Bí wọ́n bá tún fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́,” ó ní, “ilé mẹ́rin ni wọ́n máa fọ̀.”

Nígbà tí agolo Tàjùdíìnì tán, ó yọ sí wa. Fàúsátù ń po àkàrà tó máa ń fi ẹ̀fọ́ omi sí, tó ń tà fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́.

“Fàúsá, mo gbọ́ pé ó ti tún hù. Bu díẹ̀ fún mi, ìwọ̀nba ṣíbí díẹ̀.”

Fàúsátù fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i, ó na ọ̀bẹ sí i, ó nawọ́ sí àlùbọ́sà nínú abọ́.

Tàjùdíìnì wò mí. Mo ń wo búlọ́ọ̀kù mi.

Ó jókòó. Ó gé mẹ́ta, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní àlùbọ́sà yìí mà ta o, ó ti tó. Fàúsátù ṣí ike ẹ̀fọ́ omi, ó wọn ṣíbí mẹ́ta fún un, ó dé e.